Gìtá Oníná Tí A Wọ̀ Láṣọ Àdìrẹ

Ẹni tí ó bá ń gbé Èkó, Èkó akéte, àrómisá-lẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ, mọ̀ pé omi ni a bá níbẹ̀, omi náà ni a ó sì fi sílẹ̀ níbẹ̀: omi ọ̀sà níwájú, omi òjò lókè, omi òógùn lára ẹni tí ó bá dúró de ọkọ̀ ní Ojúẹlẹ́gba lọ́sàn-án gangan. Nítorí náà, ìwọ òǹkàwé mi tí o ti pinnu pé ìwọ yóò fi ọwọ́ ara rẹ kan gìtá oníná, tí ìwọ yóò sì wọ aṣọ àdìrẹ fún un dípò kí o fi ọ̀dà kùn ún bí gbogbo ayé ti ń ṣe, mo fẹ́ kí o fi ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn kí o tó mú ayùn rárá: omi ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Pákó tí kò gbẹ yóò lọ́. Aṣọ tí kò gbẹ yóò wú kúrò lára igi. Lákà tí a fín nígbà tí ojú ọjọ́ kò gbẹ yóò funfun bí ẹni tí a fi ẹfun pa. Ọwọ́ tí kò sì gbẹ, tí ó di gìtá mú nígbà tí iná kò bá létò, lè gba ẹ̀mí ẹni. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú orí ìwé yìí kò ju bí a ti ń dúró de gbígbẹ lọ.

Iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe kì í ṣe èèmọ̀. Ní 1963 ni Brian May, ọmọdékùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ gìtá pẹ̀lú bàbá rẹ̀, igi àtijọ́ tí a tú lára ibi ìdáná ilé ni wọ́n sì fi ṣe ọrùn rẹ̀. Ó gbà wọ́n tó ọdún méjì, gìtá yìí náà ni ó sì ń ta fún ẹgbẹ́ Queen títí wọ́n fi di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Nítòsí wa níhìn-ín, ní ilẹ̀ Niger, Mdou Moctar fi wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ṣe okùn gìtá àkọ́kọ́ tí ó kàn fúnra rẹ̀. Ní ti aṣọ, ilé iṣẹ́ Fender ní Amẹ́ríkà lẹ pépà ògiri olódòdó mọ́ àyà gìtá Telecaster ní 1968, wọ́n sì fi lákà tí ó mọ́ gaara bò ó. Bí pépà ògiri bá lè gun orí gìtá, kí ni ó dé tí àdìrẹ ẹlẹ́kọ, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ Ìyá Màpó tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sí ojú aṣọ funfun kí wọ́n tó rì í sínú aró, kò ní í lè gùn ún? Àwa tí Àyìndé Bákàrè ti fi gìtá oníná sínú jùjú fún láti nǹkan bí 1949, tí Ebenezer Obey àti Sunny Adé sì ti fi ohun kan náà mú inú wa dùn, a ní ẹ̀tọ́ sí ohun èlò yìí ju kí a máa wọ aṣọ àyálò fún un lọ.

Ohun tí o ó kó jọ

Kó gbogbo rẹ̀ jọ kí o tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá ń ti àárín iṣẹ́ sáré lọ sí ọjà, gọ́ọ̀mù rẹ̀ yóò ti gan kí ó tó dé. Wá pákó afárá tí ó nípọn tó ínṣì 2, tí yóò ku ínṣì 1¾ nígbà tí o bá fi ìfági fá a tán, tí ó sì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí o lè gé e sí méjì kí o lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Wá ọrùn gìtá. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o má ṣe gbẹ́ ọrùn nínú gìtá rẹ àkọ́kọ́: yọ ọ́ lára gìtá oníná kan tí àyà rẹ̀ ti fọ́, tàbí kí o ra ọ̀tọ̀, nítorí bí fírẹ́ẹ̀tì, irin tín-ín-rín tí a tò sójú ọrùn, bá yẹ̀ ní ìwọ̀n bébà kan ṣoṣo, ohùn yóò máa ṣì títí ayé. Wá ìjókòó okùn onírin tí àwọn olórin ń pè ní bíríìjì, èyí tí a lè fi ìdè sún síwá sẹ́yìn, píkọ́ọ̀pù kan tàbí méjì, èyí tí mo fẹ́ràn láti máa pè ní etí gìtá, nítorí òun ni ó ń gbọ́ okùn fún wa, fólúúmù àti tóònù oní-250k, kàpásítọ̀ oní-0.047, ihò jáàkì, wáyà tín-ín-rín, òjé àti irin tí a fi ń yọ́ ọ, bébà bàbà alẹ̀mọ́ra tí a ó fi tẹ́ inú ihò, okùn gìtá oní-10 sí 46.

Nínú irinṣẹ́, o nílò ayùn, ìfági, ṣísẹ́lì mímú, fáìlì, dírìlì, rúlà irin, kíláǹpù mẹ́fà, mítà tí àwọn tí ń tún rédíò ṣe ń lò, àti sáńpépà láti orí nọ́ńbà 80 dé 2000. Fún aṣọ rẹ̀, ra àdìrẹ olówùú tí kò nípọn, ọ̀pá méjì, gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń pè ní tópbọ́ǹdì, bíléèdì tuntun mẹ́wàá, lákà, sándìn síílà àti tínnà. Ìbòmú tó dára àti awò tí ń bo ojú kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Bí owó kò bá ká gbogbo rẹ̀, dín iye píkọ́ọ̀pù kù, má ṣe dín ìbòmú.

Pákó

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Gbé pákó sókè sí ojú rẹ bí ẹni tí ó fẹ́ yìnbọn, kí o sì wo gígùn rẹ̀ láti ìdí dé orí: bí ó bá lọ́, tàbí tí ó tẹ̀ bí ọrun, dá a padà. Mo yan afárá nítorí pé ó fúyẹ́, ó rọ̀ fún ayùn, kò sì wọ́n. Igi yìí náà ni Gibson fi ṣe gìtá Flying V àti Explorer ní 1958, tí wọ́n sọ ọ́ ní Korina, tí àwọn olówó ń fi owó ilé rà lónìí. Àléébù rẹ̀ ni pé kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí náà wá ihò wẹ́wẹ́ lára rẹ̀, kí o sì kọ èyí tí ó bá ní i. Ọ̀gànwó dára bákan náà, ṣùgbọ́n ó wúwo díẹ̀. Arère fúyẹ́ jù lọ, ó sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìdè kì í fi í dì í mú pẹ́. Mo bẹ̀ ọ́, fi ìrókò sílẹ̀: bí ó ti jẹ́ ọba nínú igbó tó, eruku rẹ̀ a máa fún ni láyà, a sì máa sú sí ènìyàn lára.

Ní àwọn ìsọ̀ pákó ní Mushin, gbogbo ẹni tí ó bá ń ta pákó ni yóò búra fún ọ pé tirẹ̀ ti gbẹ. Má ṣe bá a jiyàn, má sì ṣe gbà á gbọ́. Ìgbà kan wà tí mo gba irú ìbúra bẹ́ẹ̀ gbọ́. Mo gé e, mo lẹ̀ ẹ́, mo dán an, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí mo so okùn sí i ni ojú ìlẹ̀pọ̀ rẹ̀ ya láti òkè dé ilẹ̀ bí ẹnu ọ̀nì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé pákó lọ sórí òṣùwọ̀n. Gbé e sí inú ilé, níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ tí oòrùn kò pa á tààrà, fi igi kéékèèké gbé e kúrò nílẹ̀, kí o sì wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí o máa kọ ìwọ̀n rẹ̀ sára rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù. Níwọ̀n ìgbà tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ń dín, omi ń jáde lára rẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá tẹ̀lé ara wọn tí kò dín mọ́, ìgbà náà ni kí o mú ayùn.

Gígé àti gbígbẹ́

Fá etí pákó méjèèjì títí tí wọn yóò fi jókòó ti ara wọn láìsí ìmọ́lẹ̀ láàárín, lẹ̀ wọ́n pọ̀, fi kíláǹpù dì wọ́n, kí o sì fi wọ́n sílẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan. Lẹ́yìn èyí, fa ìlà kan ṣoṣo láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní àárín gbùngbùn. Ìlà yìí ni orírun iṣẹ́ rẹ: láti ara rẹ̀ ni o ó ti máa wọn ohun gbogbo, o kò sì gbọdọ̀ pa á rẹ́ títí di ọjọ́ tí aṣọ yóò bò ó. Ya àwòrán àyà gìtá sórí páálí kí o tó yà á sórí igi, nítorí páálí kò gbówó lórí.

Ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ yẹ̀ ni ìwọ̀n okùn. Wọn ọrùn tí o rà láti ibi tí okùn ti ń kúrò ní orí rẹ̀ dé orí fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, kí o sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Nínú ọ̀pọ̀ gìtá irú ti Fender, èyí tí o ó bá ni mìlímítà 324, ìlọ́po rẹ̀ sì jẹ́ 648. Ibẹ̀ ni bíríìjì yóò jókòó sí, kì í ṣe ibi tí ó bá wu ojú. Àṣìṣe tí mo rí jù lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìyí: wọ́n á fi ojú díwọ̀n bíríìjì, wọ́n á lu ihò rẹ̀, wọ́n á so okùn, gìtá yóò sì máa kọrin bí ẹni tí otútù mú. Sún ìdè bíríìjì dé àárín kí o tó wọn nǹkan, kí àyè lè wà fún títún un ṣe níwájú àti lẹ́yìn.

Ihò tí ọrùn yóò wọ̀ ni kí o fi sùúrù gbẹ́, mìlímítà 16 ní jíjìn, kí ọrùn wọ inú rẹ̀ bí ọ̀bẹ ti ń wọ àkọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ni í ń koni lójú. Fi dírìlì lu ihò léraléra dé ìwọ̀n tí o fẹ́, kí o wá fi ṣísẹ́lì ké èyí tí ó kù, kí ọwọ́ rẹ méjèèjì sì máa wà lẹ́yìn ojú ṣísẹ́lì nígbà gbogbo, kí igi wà nínú kíláǹpù, kì í ṣe láàárín itan rẹ. Ìdè mẹ́rin ni yóò di ọrùn mú. Má ṣe fojú kéré wọn, nítorí okùn mẹ́fà tí a bá yí dé ohùn wọn ń fa ọrùn àti àyà gìtá ní agbára tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n àpò sìmẹ́ǹtì kan, tọ̀sán tòru, láìsinmi. Lu ihò tín-ín-rín fún ìdè kọ̀ọ̀kan kí o tó yí i wọlé, kí o sì fi ọṣẹ ra ìdè náà kí igi má baà là.

Gbẹ́ ihò píkọ́ọ̀pù àti ti fólúúmù, kí ó ku ó kéré tán mìlímítà 6 ní ìsàlẹ̀ wọn. Kí o tó ronú kan aṣọ, to gbogbo rẹ̀ jọ ní ìhòòhò: so ọrùn, so bíríìjì, so okùn, ta á. Aṣọ ni a ń kí kí a tó kí ènìyàn, lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ènìyàn inú aṣọ bá yarọ, aṣọ kò ní í rìn fún un. Nígbà tí ohùn rẹ̀ bá tẹ́ ọ lọ́rùn, tú u, kí o fi sáńpépà 120, lẹ́yìn náà 240, dán an títí tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ kò fi ní í bá gegele kankan pàdé. Gbogbo kókó tí o bá fi sílẹ̀ lábẹ́ aṣọ ni yóò yọ lábẹ́ lákà bí egbò lábẹ́ ìpara.

Aṣọ

Yan àdìrẹ tí àmì rẹ̀ kò tóbi ju àyà gìtá lọ. Mo fẹ́ràn Ìbàdàndùn nítorí pé onígun mẹ́rin-mẹ́rin ni a pín in, ojúlé kan nínú rẹ̀ sì lè jókòó gẹ́lẹ́ sí àárín. Bí o bá dé Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, tẹ́ páálí àwòrán rẹ lé aṣọ lórí níwájú ẹni tí ń tà á, kí o lè mọ ibi tí ojú rẹ̀ yóò bọ́ sí. Aró ẹlú tòótọ́ a máa ṣí, ẹ̀kọ a sì máa ṣẹ́kù sínú aṣọ, ìdí nìyí tí o fi gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ ní omi tútù ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún títí omi yóò fi mọ́. Fi aṣọ funfun tútù ra á: bí búlúù bá lẹ̀ mọ́ ọn, tún un fọ̀. Ẹni tí ó bá fo èyí dá yóò rí i pé aró sàn wọ inú lákà, tí ibi funfun inú àdìrẹ rẹ̀ sì di bí omi ẹlú.

Sá a, lọ̀ ọ́, kí o rí i pé ó gbẹ táútáú. Àyà àti ẹ̀yìn nìkan ni kí o fi aṣọ bò. Ẹ̀gbẹ́ gìtá yípo ni kí o kùn ní dúdú tàbí búlúù aró, nítorí aṣọ kò lè gba igun kọjá láìká. Fi búrọ́ọ̀ṣì ta tópbọ́ǹdì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sára igi, dúró tí yóò fi máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, tẹ́ aṣọ láti àárín, kí o sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ afẹ́fẹ́ jáde síhà etí. Ẹnìkan lè bá ọ di ìkángun kejì mú. Má ṣe fà á: aṣọ tí a fà yóò yí ojú àmì padà, ìlà tí ó tọ́ yóò di ìlà tí ó wọ́. Má sì ṣe fi gọ́ọ̀mù bàtà rọ́pò tópbọ́ǹdì, nítorí tínnà inú lákà yóò yọ́ ọ, aṣọ yóò sì hó bí àkàrà. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, fi bíléèdì tuntun gé etí rẹ̀; nígbà tí bíléèdì bá ti ń fa òwú, ju ú nù, mú òmíràn.

Lákà

Iṣẹ́ yìí dára jù nígbà ọyẹ́, ní Ọ̀pẹ àti Ṣẹrẹ, nígbà tí ètè ń bó tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ. Ní Òkúdu àti Agẹmọ, nígbà tí òjò kò jẹ́ kí ògiri Èkó gbẹ, omi inú afẹ́fẹ́ yóò wọ inú lákà, yóò sì funfun. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, má ṣe fín òmíràn lé e, dúró de ọjọ́ tí ó gbẹ, kí o fín tínnà díẹ̀díẹ̀ sí i, yóò mọ́ padà.

Síílà méjì tí ó fẹ́lẹ́ ni kí o kọ́kọ́ fín, kí ó má baà rin aṣọ. Lẹ́yìn náà lákà mẹ́jọ sí mẹ́wàá, wákàtí méjì láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó má ju mẹ́ta lọ lóòjọ́. Má ṣe fi sáńpépà kàn án títí dìgbà tí karùn-ún bá gbẹ: bí sáńpépà bá kan òwú, aró yóò ṣí níbẹ̀, ojú funfun tí yóò yọ kò sì ní àtúnṣe. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, gbé e kọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo mọ̀ pé ìwọ kò fẹ́ gbọ́ èyí. Bí o bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́ ní ibi tí kò hàn tí àmì sì wà níbẹ̀, kò tíì gbẹ. Nígbà náà ni kí o fi sáńpépà olómi, 800 títí dé 2000, dán an; ṣùgbọ́n fi àbẹ́là dí gbogbo ihò ìdè kí o tó ṣe é, nítorí omi tí ó bá wọ ihò ìdè yóò wú igi, lákà yóò sì sán yíká rẹ̀.

Èéfín lákà àti tínnà a máa gbaná lójijì. Ìta gbangba ni kí o ti fín in, kí kọ́ìlì ẹ̀fọn, àbẹ́là, sìgá àti jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ọ, kí àwọn ọmọdé sì wà nínú ilé. Àwọn tí ń kun mọ́tò ní Ládípọ̀ lè fi lákà mọ́tò, èyí tí a ń po igo méjì pọ̀ fún, dán ọ wò nítorí dídán rẹ̀. Ohun tí ń mú un le inú igo kejì a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ kọjá àtúnṣe, ìbòmú tí a ń tà ní ojú títì kò sì lè dá a dúró. Fi í sílẹ̀.

Iná

Fi bébà bàbà tẹ́ inú ihò, kí ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ti iná títì má baà wọ inú orin rẹ. Láti píkọ́ọ̀pù, wáyà ohùn lọ sí fólúúmù, láti fólúúmù sí jáàkì. Wáyà ilẹ̀ gbogbo wọn sì pàdé ní ẹ̀yìn fólúúmù. So wáyà kan láti abẹ́ bíríìjì mọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú, òun ni yóò pa ariwo hùn-ún-ùn nígbà tí ọwọ́ rẹ bá kan okùn. Kí o tó so okùn, tì í mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè, kí o sì rọra fi irin kan píkọ́ọ̀pù lórí: bí o bá gbọ́ kọ́, etí rẹ̀ là.

Wáyà abẹ́ bíríìjì yìí náà ni ó jẹ́ kí n tẹnu mọ́ èyí tí ó kàn. Ó ti so okùn gìtá, nítorí náà ó ti so ara rẹ, mọ́ ilẹ̀ ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Bí ẹ̀rọ náà bá dára, kò séwu. Bí iná bá jò sára rẹ̀, tàbí tí ẹnìkan ti ṣẹ́ irin ilẹ̀ lára púlọ́ọ̀gì rẹ̀, tàbí tí ó jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a kò rì mọ́lẹ̀ ni ó ń gbé e, iná yóò gba ara rẹ kọjá ní ìgbà tí ètè rẹ bá kan máíkì. Báyìí ni Les Harvey, atagìtá ará Scotland, ṣe kú lórí ìtàgé ní Swansea ní May 1972, nígbà tí ó fọwọ́ kan máíkì tí a kò so mọ́ ilẹ̀. Kí o tó ta gìtá ní ibi àríyá, fi mítà wọn iná láàárín okùn gìtá àti irin máíkì: bí o bá rí ju nǹkan díẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ 20 fóòtì, yọ jáàkì rẹ, kí o sì sọ fún olóhùn kí ó tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe. Má ṣe ta á ní ẹsẹ̀ òfìfo lórí ilẹ̀ tútù, má sì ṣe ta á nínú òjò, ìbáà ṣe pé owó ńlá ni wọ́n fi bẹ̀ ọ́.

Nígbà tí okùn bá wà lórí rẹ̀, jẹ́ kí ó ga tó mìlímítà 2 lórí fírẹ́ẹ̀tì kejìlá. Fọwọ́ kan okùn fẹ́rẹ́ ní ibẹ̀ kí o gbọ́ ohùn rẹ̀, kí o sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ibi kan náà: bí èyí tí o tẹ̀ bá ga ju ti àkọ́kọ́, sún ìdè bíríìjì sẹ́yìn, bí ó bá relẹ̀, sún un síwájú. Ṣe é fún okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí o sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nítorí igi àti okùn yóò ti bá ara wọn mọ̀.

Kí o tó fi ìdè dé ihò ẹ̀yìn rẹ̀ pa, mú pẹ́ńsù, kọ orúkọ igi náà, ìwọ̀n rẹ̀ ní ọjọ́ tí o gé e, ibi tí o ti ra àdìrẹ, irú lákà tí o lò àti ọjọ́ tí o parí iṣẹ́ sínú ibẹ̀, ní ibi tí bàbà kò bò. Ẹni tí yóò ṣí i láti tún un ṣe lẹ́yìn ogún ọdún yóò nílò gbogbo rẹ̀.